Amọ̀ Inú Ẹ̀kọ

Bí ẹ ti rí orí ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rò pé mo fẹ́ sọ ìtàn ẹlẹ́kọ kan tí ó fi amọ̀ lú ọjà rẹ̀ kí ó lè jèrè. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tí ó jẹ amọ̀ nínú ìtàn yìí. Ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè mìíràn ni ó wà ní ọkàn yín: kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ amọ̀ àti sítáàṣì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo bí ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń bá ara wọn gbé nínú gbólóhùn? Ìdáhùn mi kò gùn. Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí nítorí pé ó kan ìyá mi. Ó sì kàn mí lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé mo parọ́ nínú rẹ̀. N óò sọ ọ́ fún yín bí ó ti rí gan-an.

Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà. Ẹ̀kọ ni ó fi tọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta, ẹ̀kọ náà ni ó sì fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi títí di òní yìí. Yóò rẹ àgbàdo, yóò gbé e lọ sí ẹ̀rọ, yóò sẹ́ ẹ, yóò jẹ́ kí ògì silẹ̀, yóò sì gbé ìkòkò ka iná ní ìdájí nígbà tí àkùkọ kò tíì kọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ ní ilé wa ní Ìbàdàn, ewé eéran tàbí gbódògì. Iṣẹ́ tèmi ni láti nu ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì tò wọ́n jọ fún un. Mo kórìíra iṣẹ́ náà púpọ̀.

Nígbà tí ó ṣe, ewé di ọ̀wọ́n. Igbó tí àwọn aléwé ti ń já a ń di ilé, ọ̀nà wọn ń jìn sí i, owó ewé sì ń gòkè. Ọ̀rá wá dé. Ọ̀rá kò wọ́n, kì í jò, kì í tètè ya, omi kì í sì kọjá lára rẹ̀. Ìyá mi yọ ọwọ́ nínú ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀kọ sínú ọ̀rá. Ó ní bí òun ṣe ń ta kókó sí i lẹ́nu, kókó kan tí ó ń lọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fà á le, tó fi jẹ́ pé àwọn oníbàárà máa ń fi kókó náà mọ ẹ̀kọ rẹ̀ láàárín ẹ̀kọ àwọn ẹlòmíràn. Èmi dúpẹ́ nígbà náà, nítorí pé kò sí ewé nínù mọ́.

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, òjò kan rọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án láti ọ̀sán títí di alẹ́. Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa kún, omi kò rí ọ̀nà lọ, ó yà wọ inú ilé. Ó dé orúnkún mi. Ògì ọjọ́ mẹ́ta bá a lọ. Àpótí Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí ìyá mi, rin gbingbin, aṣọ adìrẹ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà èwe rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Méjì nínú àwọn aṣọ náà kò bọ́ nínú ẹrẹ̀ mọ́. Ará Ìbàdàn kì í fi ọ̀rọ̀ àgbàrá ṣeré. Èmi kò tíì dé ayé nígbà omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìbàdàn tí a kò sọ ọ́ fún, bí omi náà ṣe gbé ènìyàn àti ilé lọ, àti bí ìdọ̀tí tí a dà sí ojú odò ṣe wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ó burú tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé ṣọ́bìrì, wọ́n ya gọ́tà náà. Ọ̀rá ni wọ́n ń kó jáde, ọ̀rá lórí ọ̀rá, ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá ẹ̀kọ. Mo dúró tì wọ́n. Mo rí kókó tí a lọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, mo rí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìyá mi náà rí i, nítorí pé ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì wọ ilé lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá ti wọ̀ mí lára.

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kẹ́mísítìrì kan ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé yàrá. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀, mo lọ kí i ní ilé àyẹ̀wò wọn, mo sì bá a níbi tí ó ti ń ro nǹkan kan nínú ife onígíláàsì lórí iná. Nǹkan náà ń ki, ó ń dán, ó sì ń hó. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, o wá di ẹlẹ́kọ? Ṣúgà dà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ àṣekágbá òun ni. Ó fẹ́ fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe ohun tí yóò rọ́pò ọ̀rá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé ògì gbígbóná kalẹ̀ kí ó tutù, ẹ ti rí awọ tí ó máa ń bo ojú rẹ̀. Awọ náà gan-an ni ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń wá. Ó ń wọn gíráàmù 5 sítáàṣì sínú mìlílítà 100 omi, ó ń fi gíráàmù 1.5 gílísẹ́rìnì sí i, ó ń gbé e ka iná títí yóò fi ki. Lẹ́yìn náà, ó ń dà á sínú àwo pẹlẹbẹ, ó ń sá a sínú ẹ̀rọ gbígbóná díẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Bí ó bá gbẹ, yóò bó o kúrò lára àwo náà: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ènìyàn lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bi í pé kí ni gílísẹ́rìnì ń ṣe níbẹ̀. Ó ní kí n rántí bí ara ènìyàn ṣe máa ń là ní ìgbà ọyẹ́ bí a kò bá fi nǹkan pa á. Awọ sítáàṣì tí kò ní gílísẹ́rìnì ń gan bẹ́ẹ̀, yóò sì fọ́ lọ́wọ́ ẹni bí èèpo ẹ̀pà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti Bràsíl ni àwọn Potogí ti gbé e dé etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún 16. Ṣùgbọ́n lónìí kò sí orílẹ̀-èdè kan ní gbogbo ayé tí ó ń kórè rẹ̀ tó Nàìjíríà. Bí a bá lè fi í ṣe ohun tí a óò máa di nǹkan sí, tí yóò sì jẹrà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn tí a bá lò ó tán, kí ni a tún ń fẹ́? Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo ń kọ iye sílẹ̀ fún un nínú ìwé, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ju tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n awọ náà ní àìsàn. Bí ọjọ́ bá tutù, tí òjò sì fẹ́ rọ̀, yóò rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí omi bá kán sí i, yóò wú, yóò sì fà ya. Sítáàṣì fẹ́ràn omi, kò sì lè fi í sílẹ̀. Bí a bá tún tọ́jú rẹ̀ pẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ àná ṣe máa ń le ju ti òní lọ. Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ mi wí fún mi pé òun yóò fi amọ̀ sí i. Mo ní, "Amọ̀ kẹ̀? Ṣé ìkòkò ni o fẹ́ mọ ni?" Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ní ilé ìgbé wa ti ń pè é ní Alámọ̀.

Amọ̀ tí ó kọ́kọ́ lò, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ni ó ti gbà á. A gún un, a fi asẹ́ kù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, nígbà tí awọ náà gbẹ, ó rí gbúngbùn-gbúngbùn, ibi tí horo amọ̀ bá wà ni ó sì ti ń ya. Ó ra ẹfun lọ́jà, irú amọ̀ funfun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kaolin. Èyí sàn díẹ̀: awọ náà funfun, ó sì le, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dá omi dúró. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, olùkọ́ rẹ̀ fún un ní bentonite díẹ̀, amọ̀ tí àwọn tí ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì máa ń pò mọ́ omi. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni montmorillonite, tí a fi orúkọ ìlú Montmorillon ní ilẹ̀ Faransé sọ.

Gíráàmù 0.15 péré ni ó fi sínú gíráàmù 5 sítáàṣì, èyí ni ìdá 3 nínú 100. Mo rò pé àṣìṣe ni. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wí pé bí ènìyàn bá sín, yóò fò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bó awọ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ kedere bí ti tẹ́lẹ̀, ó sì gba agbára kí a tó lè fà á ya. A fi omi sínú ìgò kékeré méjì, a fi awọ tí kò ní amọ̀ dé ọ̀kan lẹ́nu, a fi èyí tí ó ní amọ̀ dé èkejì, a sì ń wọ̀n wọ́n ní àràárọ̀. Omi inú ìgò àkọ́kọ́ ń yára dín ju ti èkejì lọ. Mo kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ojú kòkòrò mú mi, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi fi gíráàmù 0.5 sí i, kí a lè rí i bí yóò ṣe dára tó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti tẹ́ mi lọ́rùn. Awọ náà pọ́n bí omi ẹrẹ̀, mo ká a lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá sí méjì.

Nígbà náà ni ó jókòó tì mí, tí ó là á yé mi. Amọ̀ kì í ṣe erùpẹ̀ lásán. Abala pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni ó jẹ́, tí ó tò lé ara wọn bí ojú ewé ìwé. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000, ìdá kan péré nínú rẹ̀ ni ó tó nínípọn abala montmorillonite kan. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ abala náà lè tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nínípọn rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gbogbo abala inú gíráàmù 1 bá ya ara wọn, ojú wọn, iwájú àti ẹ̀yìn, yóò tó mítà onígun mẹ́rin 700, èyí tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá pápá bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí díẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Kí abala wọ̀nyí ya ara wọn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ti ẹfun di ara wọn mú pinpin, omi kò rí àyè wọ àárín wọn. Ti montmorillonite ń gba omi láàyè, ó ń wú, àárín wọn ń ṣí, sítáàṣì sì ń bá omi wọlé. Nítorí náà ni ọ̀rẹ́ mi ṣe máa ń fi amọ̀ náà sínú omi, tí ẹ̀rọ yóò máa rò ó fún odindi ọjọ́ kan, kí ó tó da sítáàṣì sí i. Bí wọ́n bá ti tú ká nínú awọ náà, iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí a bá fa awọ náà, abala líle wọ̀nyí ń bá sítáàṣì gbé ẹrù, bí irin ti ń ṣe nínú kọnkéré. Ìdí nìyí tí ó fi ń le sí i, tí kì í sì í nà tó ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi bá sì fẹ́ kọjá, yóò bá abala kan pàdé, yóò yà, yóò tún bá òmíràn pàdé, yóò tún yà. Ọ̀nà rẹ̀ di kọ́lọkọ̀lọ. Ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá pọ̀ jù, àyè kò ní gba gbogbo wọn láti tú ká. Wọn yóò tún ṣù jọ, ibi tí wọ́n bá ṣù sí ni awọ yóò sì ti máa là.

Kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi ni ó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀, kò sì pè é ní tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1989 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Toyota ní ilẹ̀ Japan fi irú amọ̀ yìí díẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, tí ó sì le ju bí wọ́n ti rò lọ. Náílọ́ọ̀nù tòótọ́ ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀rá tí a ń fi ẹnu lásán pè ní náílọ́ọ̀nù. Polyethylene ni ti ọ̀rá, ìran wọn kò pa pọ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹlòmíràn gbé ọgbọ́n náà wá sí ọ̀dọ̀ sítáàṣì, àwọn ará Bràsíl tí ó ni ẹ̀gẹ́ sì wà lára wọn.

Wàyí o, mo dé ibi tí mo ti ṣẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a wọn ìgò wa tán, mo tẹ ìyá mi láago. Mo ní, "Màámi, ọ̀rá ti parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ọ̀rẹ́ mi ti fi ẹ̀gẹ́ àti amọ̀ ṣe èyí tí ó dára jù ú lọ. Kì í jẹ́ kí omi kọjá. Bí mo bá ń bọ̀ nílé, n óò mú u wá fún yín." Ẹ gbọ́ bí mo ti sọ ọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń dín omi kù. Ẹnu mi ni mo fi wí pé kì í jẹ́ kí omi kọjá. Ọ̀rẹ́ mi sì ti wí fún mi létí ara mi pé awọ yìí kò lè dúró níwájú ohun tútù, ká tó wá sọ ohun gbígbóná. Mo gbọ́ ọ. Kókó inú gọ́tà nì ni kò jẹ́ kí n fẹ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo dé ilé ní ìsinmi, mo bá ènìyàn mẹ́fà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní ìdájí. Ìyá mi ti sọ fún àwọn ẹlẹ́kọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ń bọ̀ pẹ̀lú ohun tuntun. Mo kó awọ náà jáde nínú ìwé tí mo fi dì í. Wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n ní ó dára. Ìyá mi fi ìgbákọ bu ẹ̀kọ láti inú ìkòkò, ó dà á sí i, ó gbá etí rẹ̀ jọ. Kí ó tó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni abẹ́ rẹ̀ ti là, ẹ̀kọ gbígbóná sì dà sí i lẹ́sẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bu omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Àkànní, ṣé o mọ̀ pé yóò rí báyìí?" Mo dákẹ́. Ó tún bi mí. Mo ní, "Màámi, ẹ forí jì mí. Mo mọ̀." Ó ní, "Èmi sì ti fi ẹnu mi sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn." Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí ju ìgbà tí mo gba òdo nínú ìdánwò lọ. Ẹni tí ó jí ní aago mẹ́rin ní gbogbo ọdún wọ̀nyí kí n lè kàwé, òun ni mo sọ di ẹlẹ́tàn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n sọ ohun tí mo ṣe fún òun, kí n má sì fi ohun kan pamọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jáde lẹ́nu mi. Ìyá mi, tí ó ń ṣa àgbàdo ní tòsí, ní, "Sọ ọ́ ní èdè tí a fi bí ọ. Àbí kì í ṣe èdè ni ìwọ ń kọ́ níbẹ̀?" Mo dánu dúró. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n rántí agboolé wa àtijọ́ ní Ìbàdàn, bí àjèjì bá wọ ibẹ̀, yóò kan ògiri, yóò yà sí ọ̀tún, yóò kan ògiri mìíràn, yóò yà sí òsì, ilẹ̀ yóò sì ṣú kí ó tó jáde ní òdì kejì. Mo ní awọ tí kò ní amọ̀ dà bí pápá gbalasa; èyí tí ó ní amọ̀ dà bí agboolé. Àjèjì náà ni omi.

Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n àjèjì náà yóò jáde." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dára. Nígbà tí à ń kọ adìrẹ, láfún ni a ń sè, a ń fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè dára sí i, a ó sì fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́ sí ara aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbàgbé aṣọ sínú aró, ẹ̀kọ yóò rọ̀, aró yóò sì wọlé. Nítorí náà, à ń rì í ni, à ń yọ ọ́ ni, à ń sá a ni, kí a tó tún rì í. Ẹ̀kọ kì í lé omi padà, ọmọ mi. Ó ń dá a dúró ni. Ẹni tí ó bá ń lò ó ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò yọ ọ́."

Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé fún oṣù mẹ́ta wà nínú gbólóhùn náà. Kò sí amọ̀ tí a lè fi sínú sítáàṣì tí yóò sọ ọ́ di ọ̀rá. Pẹ̀lú amọ̀ tàbí láìsí amọ̀, omi ń kọjá lára rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ju bí ó ti ń kọjá lára ọ̀rá lọ. Ohun tí amọ̀ ń ṣe ni pé ó ń fi kún àkókò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi ìyá mi lórí aago ni pé, "Kí ni ó wà lọ́wọ́ yín tí kò tutù, tí kò gbóná, tí kì í sì í pẹ́ kí ẹ tó tà á?"

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ni ó bi mí ní ìbéèrè náà ní alẹ́. Ó ní ìyàwó ilé kejì ń ta ẹ̀pà yíyan. A di ẹ̀pà sínú awọ tí kò ní amọ̀, a di òmíràn sínú èyí tí ó ní amọ̀, a di ẹ̀kẹta sínú ọ̀rá. Àkókò òjò ni, atẹ́gùn tutù. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀pà inú awọ àkọ́kọ́ ti rọ̀ lẹ́nu. Èyí tí ó wà nínú awọ amọ̀ ṣì ń dún. Ní ọjọ́ karùn-ún ni òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ti inú ọ̀rá kò yí padà rárá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́pà náà bí ó ti rí, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀pà mi kì í pé ọjọ́ méjì kí n tó tà á. Ọjọ́ márùn-ún tó mi. Èló ni?" N kò ní ìdáhùn sí ti iye owó, mo sì sọ fún un pé n kò ní i. Ó ní kí n lọ wádìí rẹ̀ kí n padà wá, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí n tó kúrò nílé, mo gbẹ́ ihò kan sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, mo ri awọ amọ̀ kan àti ọ̀rá ẹ̀kọ kan mọ́ ọn. Nígbà tí mo tún padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo hú ibẹ̀. N kò rí awọ náà mọ́. Sítáàṣì inú rẹ̀ ti di oúnjẹ fún àwọn kòkòrò inú ilẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ sì ti padà sí ibi tí a ti mú un wá. Ọ̀rá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú kókó rẹ̀ tí a lọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọ̀ ọ́, mo sì mú un wá sí yàrá wa. Ó wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí tí mo fi mú ìtàn yìí wá síwájú ẹgbẹ́ wa ni pé ìgbà ti yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde òfin tí ó de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń gbé oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ọ̀rá náà sì ń bẹ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa gbé ohun tuntun wá bá àwọn ìyá wa lọ́jà, tí wọn yóò sì máa wí pé èyí ni òpin ìṣòro. Àwa tí a ń kọ́ èdè ni a óò pè kí a wá ṣe ògbufọ̀. Bí ọjọ́ náà bá dé, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọ̀nà tí "ó ń dín in kù" fi jìn sí "kì í jẹ́ kí ó kọjá" kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá mi ni ẹ̀kọ gbígbóná dà sí nítorí gbólóhùn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìyá mi ṣe ń ṣe nísinsìnyí, ọ̀rá ni ó ṣì fi ń di ẹ̀kọ fún àwọn tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Fún àwọn ará àdúgbò, ó ti padà sí ewé, ó sì fi owó díẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bá wà nílé, èmi ni mo ń nu ewé náà. N kò kórìíra rẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.